Bọ́ḿpà Bàbá

Ẹni tó bá sọ pé Mànàmáná ò mọ iṣẹ́, onítọ̀hún ò tíì rí irin tó jó pọ̀ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sí oníbàárà tó bá a jiyàn. Obìnrin jórinjórin ni, ó ga, apá rẹ̀ le, iná tó máa ń kọ mànà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ṣe géètì fún ọ, kò ní bẹ̀ ọ́ pé kó o gbà pé ó dáa. Á kàn ní kó o wá fi ẹsẹ̀ gbá a. Ọ̀pọ̀ ti gbá a, wọ́n sì tiro lọ sílé.

Bàbá rẹ̀ nìkan ni kì í pè é ní Mànàmáná. "Ìyá mi" ni bàbá ń pè é, torí ó ní ojú ìyá tó bí òun gan-an ló gbé wáyé. Bàbá yìí ló fi pikọ́ọ̀pù kan kó pákó fún àwọn káfíńtà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Pikọ́ọ̀pù ọ̀hún ju Mànàmáná lọ lọ́jọ́ orí. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì rí roboto bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, imú rẹ̀ gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo, irú rẹ̀ ò sì sí lójú títì mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà á dúró, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ya á ní fọ́tò.

Àmọ́ bọ́ḿpà iwájú rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ ni, tó nà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì lábẹ́ imú ọkọ̀. Bí ẹlòmíì ṣe ní àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá ṣe ní bọ́ḿpà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, á tú okùn bàtà, á kọjú sí títì, á máa dáhùn ìkíni. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn aládùúgbò parí ìjà. Ibẹ̀ ló ti ń fi àwọn awakọ̀ tí ò mọ ọkọ̀ wà ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá Mànàmáná ti máa ń gbé omi tútù fún un nígbà tí ìyá wà láyé. Nígbà tí bàbá sì fẹ̀yìn tì, tí pikọ́ọ̀pù náà fẹ̀yìn tì sínú ọgbà, kò sí ibòmíì tó tún ń lọ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni bọ́ḿpà yìí já. Irin náà ti dógùn-ún nínú, kò sì fi han ẹnikẹ́ni. Bí bàbá ṣe ní kóun jókòó báyìí, gbàgà, ó di ilẹ̀, ó fi ìgbáròkó gúnlẹ̀, eegun ibẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀. Dókítà ní eegun ti jiná, kó máa rìn káàkiri. Bàbá ò rìn káàkiri. Inú yàrá ló wọ̀ lọ, kò sì jáde mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìta fún un, á ní òun ti rí ìta tó.

Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n lọ pe ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù, kó wá gé pikọ́ọ̀pù náà wẹ́wẹ́, kó kó o lọ.

Ẹ̀gbọ́n Mànàmáná, gẹ́rígẹ́rí ni, iwájú ilé ló ti ń gé irun, òun àtìyàwó ẹ̀ ló ń bá bàbá gbélé. Ó ti bá onírin àlòkù sọ̀rọ̀ kó tó ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí ò lè lọ mọ́, kí ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ fún, ṣé kí adìyẹ máa yé sí i ni? Ohun tí Mànàmáná ń rò wúwo ju adìyẹ lọ. Ó mọ̀ pé bí pikọ́ọ̀pù yẹn bá kúrò nínú ọgbà, kò sóhun tí bàbá tún máa jáde wá bá mọ́. Inú yàrá yẹn ló máa gbó sí. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, obìnrin tí iná ò bà lẹ́rù.

Ó wọlé tọ bàbá lọ, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní kó fún òun dọ́jọ́ Sátidé tí onírin àlòkù máa wá. Ó ní òun máa ṣe bọ́ḿpà tuntun sí ọkọ̀ náà, èyí tó jẹ́ pé bí erin bá jókòó lé e, erin ló máa rẹ̀.

"Bí ẹ bá jókòó lé e tí ọkàn yín ò balẹ̀," ó ní, "kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ lọ. Mi ò ní bá yín jà."

Bàbá wò ó títí. "Jíjókòó nìkan?"

"Jíjókòó nìkan, Bàbá."

Bàbá mi orí, ó gbà, ó sì yíjú sí ògiri. Mànàmáná dìde, ó ń nu ọwọ́, ó ti borí lójú ara ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló ti kó ẹ̀rọ ìjórin ẹ̀ wọ inú ọgbà. Ó lè fa ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lábẹ́ fèrèsé bàbá ni, kó lè máa gbọ́ ọ. Ó tú ohun tó kù lára bọ́ḿpà àtijọ́, ó tò ó sórí ilẹ̀ bí ẹni to eegun, ó sì gé páálí ní àwòṣe ẹ̀. Ó wọn fífẹ̀ ẹ̀, ó wọn gígùn ẹ̀, ó sì wọn bó ṣe ga sílẹ̀ tó. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló tún wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní bàbá ti jókòó síbẹ̀ títí ìdí ẹ̀ fi mọ ọ̀nà ibẹ̀ lójú òkùnkùn, òun ò sì ní fi ìjókòó àjèjì dójú ti ìdí bàbá òun.

Irin tó mú, ó nípọn ju èyí tí wọ́n ń lò fún bọ́ḿpà lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde wá, ó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó ní ṣé ọkọ̀ ogun ló fẹ́ ṣe ni. Mànàmáná ní kó padà lọ bá orí tó gé dájì nínú ṣọ́ọ̀bù, kí onítọ̀hún má lọ bú u. Ó ká etí irin náà sínú kó má baà gé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ó jó páìpù sẹ́yìn ẹ̀ láti fi gbà á mú. Ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó sì fi iná kékeré pupa rẹ́súrẹ́sú kọ̀ọ̀kan há a, torí pé ó wù ú, torí pé ẹni tí wọ́n bá ń wò ó yẹ kó dáa ní wíwò. Ó fi gíráńdà họ gbogbo ojú ìjórin títí tí ò fi sí ẹni tó lè mọ ibi tí irin méjì ti pàdé. Lẹ́yìn náà ló kùn ún ní dúdú, ó sì fi etí ẹ̀ sílẹ̀ láìkùn, kó máa dán.

Bó ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀, bàbá ń gbọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń mú ìròyìn jáde. Àǹtí ni obìnrin náà ń pe Mànàmáná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló dàgbà jù, torí ó ti bá a nílé ọkọ. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, Bàbá ní kí n bi yín léèrè, ṣé bó ṣe ga tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe ga?"

Inú Mànàmáná dùn dé ẹ̀yìn. Ó rò pé bàbá ń fẹ́ kó rí bí tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní kó sọ fún wọn pé kò fi irun orí kan yàtọ̀. Obìnrin náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan mìíì, ó wá ní kò burú, ó sì wọlé. Mànàmáná ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti ń wá bóòtù tó máa fi de bọ́ḿpà mọ́ egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Nígbà tó de é tán, ó fò lé e. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó pe ìyàwó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lé e, wọ́n ń fi ìdí fò sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n sanra gan-an. Bọ́ḿpà ò mira.

Ọjọ́ Sátidé pé. Bàbá wọ aṣọ tó mọ́, ó dé fìlà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó jáde. Àwọn awakọ̀ méjì tó máa ń gbé ọkọ̀ wọn sí òdìkejì títì dìde nílẹ̀, wọ́n kí i, wọ́n ní ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá yí pikọ́ọ̀pù ká. Ó fọwọ́ ra etí irin tó ń dán. Ó fi ọ̀pá kan iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀yìn sí i, ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.

Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Irin gbà á.

"Ìyá mi," bàbá ní, "o káre."

Ẹ wò ó, bí wọ́n bá gbé gbogbo géètì ìlú fún Mànàmáná lọ́jọ́ yẹn pé kó wá ṣe é, inú ẹ̀ ò lè dùn tó bẹ́ẹ̀. Onírin àlòkù dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀, bàbá sì sọ fún un láti orí ìjókòó pé kó máa lọ, pé ọkọ̀ ò ṣe é gé mọ́. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ bọ́ḿpà wò, ó béèrè ẹni tó ṣe é, ó sì gba nọ́ńbà Mànàmáná kó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní ó dáa, òun ti gbà, pikọ́ọ̀pù ń bẹ. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mànàmáná ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó ń kọrin jẹ́jẹ́.

Oòrùn rìn. Bàbá ṣì jókòó. Ìyàwó gbé omi wá, bàbá ní òun ò fẹ́. Ó gbé e wá lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbá ní kó gbé e padà. Oòrùn kúrò lára ògiri, ó bọ́ sí bàbá lójú tààrà, ìyàwó ní kó jẹ́ káwọn mú un wọlé, bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbádùn afẹ́fẹ́. Mànàmáná rẹ́rìn-ín. Ó wá dà bíi pé ìjókòó náà dùn ju bó ṣe rò lọ.

Afẹ́fẹ́ tó ń gbádùn yìí ló ṣí fìlà lórí ẹ̀. Fìlà já sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀. Bàbá wò ó, kò mú un. Mànàmáná dúró, ó di sípánà mú lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàbá dáadáa. Ó rí i tó fa gìgísẹ̀ sẹ́yìn. Ó rí i tó fọwọ́ wá nǹkan lábẹ́ etí irin, etí tí òun ti họ dán, tí kò ní ibi téèyàn lè dì mú. Ó rí i tó fẹ́ tì, tí ejìká ẹ̀ gbọ̀n, tó sì tún farabalẹ̀ padà, tó kọjú sí títì bíi pé kò sí nǹkan kan.

Mànàmáná rọra gbé sípánà sílẹ̀.

Ó yé e wàyí. Kò sígbà kan tí bàbá bẹ̀rù pé irin máa já. Dídìde ló ń bẹ̀rù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti sọ ọ́ fún un nígbà kan, ó sì gbọ́ ọ létí kan, pé bí bàbá bá ti jókòó sí àga tó kúrú, àwọn méjì ló máa ń kì í lábíyá gbé e sókè, bàbá á sì di ojú títí wọ́n á fi gbé e tán. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi wà nínú yàrá, níbi tí bẹ́ẹ̀dì ti ga. Ìdí ẹ̀ tó fi béèrè bí bọ́ḿpà ṣe ga tó nìyẹn. "Jíjókòó nìkan?" ló wí, òun sì dáhùn bí ọlọ́gbọ́n. Ó ti ṣe bọ́ḿpà fún bàbá tó ń kó pákó, ó sì gbàgbé èyí tó wà nílé. Ojú tì í títí dé ọrùn.

Omi tí bàbá ò mu náà yé e. Ó ti pẹ́ tí bàbá ti yẹ kó lọ sí ilé ìtọ̀.

Apá tó ń gbé géètì lè gbé bàbá. Ìṣẹ́jú kan ò ní gbà á. Àmọ́ àwọn awakọ̀ méjì yẹn wà ní òdìkejì, àwọn tí bàbá ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ojú wọn sì wà níbí. Bí ó bá gbé e lójú wọn, bàbá ò ní jáde mọ́, àní bí bọ́ḿpà bá jẹ́ wúrà. Mànàmáná wo ilẹ̀, ó wo ọkọ̀, ojú ẹ̀ sì bọ́ sí jáàkì tó wà láàárín irinṣẹ́.

Ó mú fìlà nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi dé bàbá lórí bó ṣe ń kọjá, bí ẹni tí kò dúró. Ó fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ó ti jáàkì sábẹ́ egungun ọkọ̀, níwájú, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí àwọn ti òdìkejì lè gbọ́.

"Bàbá, mo fẹ́ gbé imú ọkọ̀ díẹ̀, kí n wo abẹ́ ẹ̀. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ jókòó yín."

Bàbá yí ojú sí i. Wọ́n wo ara wọn.

"Ṣé kò ní yẹ̀?" bàbá béèrè.

"Èmi ni mo dè é."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ jáàkì tẹ̀ ẹ́. Sípíríìnì kọ́kọ́ nà, lẹ́yìn náà ni imú pikọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bọ́ḿpà ń bá a gòkè, bàbá jókòó lórí ẹ̀, ó ti ọ̀pá lélẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì bí ọba. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà pariwo láti òdìkejì pé ibo ni Bàbá ń lọ yẹn. Bàbá ní òun ń lọ síbi tí ọkọ̀ tiwọn ò lè dé. Ẹ̀rín sọ.

"Díẹ̀ sí i," bàbá sọ jẹ́jẹ́.

Mànàmáná tẹ̀ ẹ́. Orúnkún bàbá ń ṣí. Itan rẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gba ilẹ̀ mú. Ó ní ó tó. Ó fi ara lé ọ̀pá, ó sì dìde, òun nìkan, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára ẹ̀. Ó tún aṣọ ẹ̀ ṣe, ó juwọ́ sí àwọn awakọ̀, ó sì kọrí sí ilé ìtọ̀. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, kò tíì sí ẹni tó rí i kó yára tó bẹ́ẹ̀.

Mànàmáná jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tó kún fún gírísì nù ún. Nígbà tó ṣe tán, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fi fa ilà sára ògiri ọgbà, ní ìdọ́gba ibi tí bọ́ḿpà ga dé nígbà tí bàbá dìde. Kó tó já jáàkì sílẹ̀, ó tún ilà náà fà kó hàn dáadáa.

Ìró gíráńdà ló jí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ní ẹnu, ó rí Mànàmáná tó ń họ ọ̀dà kúrò lára iṣẹ́ tó dára yẹn, iná ń ta yàà. Ó bi í bóyá orí ẹ̀ pé. Ó ní gbogbo àdúgbò ló ti yìn ín, onírin àlòkù gan-an yìn ín, kí ló tún ń wá.

"Mo ti ṣe ibi tí Bàbá máa jókòó sí," Mànàmáná ní. "Ibi tí wọ́n á ti dìde ni mo fẹ́ ṣe."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó lọ fọ ẹnu tán, ó padà wá, ó sì bá a di irin mú.

Bọ́ḿpà ìsàlẹ̀ wà níbi tó wà. Orí ẹ̀ ni Mànàmáná jó páìpù méjì tó ki pọ́pọ́ sí, wọ́n gòkè níwájú imú ọkọ̀ títí dé ìdọ́gba ilà ṣọ́ọ̀kì, ó sì jó irin pẹlẹbẹ mọ́ wọn níbẹ̀ láti fi ṣe ìjókòó. Kò wá fi páìpù mọ síbẹ̀. Ó jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá òkè ìjókòó, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú bí apá àga, ó sì fi rọ́bà wé e kí ọwọ́ má baà yọ̀. Bó ṣe wá rí, ó mú ojú pikọ́ọ̀pù náà le, bíi pé ó ń bi èèyàn ní ìdí tó fi dúró. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò pọ̀ sí i. Ọ̀kan fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè ṣe irú ẹ̀ sí tòun. Mànàmáná bi í pé bàbá ta ló fẹ́ jókòó sí tiẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, bàbá jáde nírọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó pè é. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́, ó kọjú sí títì. Ó béèrè omi, ó mu ún tán, ó ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Àwọn awakọ̀ òdìkejì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òun náà dá wọn lóhùn, ó sì sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé bó ṣe yí ọkọ̀ láàárọ̀ yẹn, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ṣì ń sọ ọ́.

Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ lé apá páìpù méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n Mànàmáná rí i, ó sáré wá, ó ti na ọwọ́ sí abíyá bàbá bó ṣe máa ń ṣe.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò," bàbá ní. "Mo ń dìde."

Mànàmáná dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá di páìpù mú, ó tì, ó sì dìde. Ó dúró ṣinṣin. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún fìlà ẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ló tún jókòó padà, torí pé kò tíì fẹ́ wọlé.